Ọjọ́ tí Orogún Onírin Kó Jáde

Ìyáálé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ ìyàwó kejì rí. Àlejò tó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà á máa yọjú wo ẹ̀yìnkùlé, bóyá òun á rí ìyàwó kékeré tó ń sá aṣọ. Kò sí ìyàwó kékeré. Aránṣọ ni obìnrin yìí, yàrá iwájú nísàlẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Orogún tó ní, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé. Irin ni, pákó ni, wáyà ni, ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù ni: ìlú kékeré kan tó gba yàrá ẹ̀yìn láti ògiri dé ògiri, tí ọkọ̀ ojú irin tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ ń sáré yí i ká.

Dírẹ́bà, bí wọ́n ṣe ń pe ọkọ rẹ̀ nìyẹn, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n tó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ló ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà sì ti di abilékọ. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á wẹ̀, á jẹun, á wá dìde bí ẹni tí kò ní ohun kan lọ́kàn. "Jẹ́ n lọ wo òkè díẹ̀." Díẹ̀ yẹn lè gba gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ìyáálé á wà nísàlẹ̀, á máa rán aṣọ, á máa gbọ́ kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lórí àjà, bí ìgbà tí eku ń gbé ẹrù kọjá.

Ọjọ́ tí orúkọ náà bẹ̀rẹ̀, ìgbéyàwó ṣì tuntun. Sísọ́ọ̀sì bù ú ní ìka, ẹ̀jẹ̀ ń dà, ó ké sí ọkọ rẹ̀. Ọkọ dáhùn pé òun ń bọ̀. Ó tún ké. Ọkọ tún ní òun ń bọ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí ìdíkọ̀ ló tó sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó ti fi àkísà di ọwọ́ tán, ó sì ti dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn dè é.

"Ẹ ti fẹ́ òmíràn lé mi," ó ní. "Ó dáa. Ẹ sọ fún tọ̀hún pé èmi ni ìyáálé."

Aládùúgbò tó wá gba aṣọ gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, orúkọ ti mọ́ ọn lórí.

Àwọn èèyàn fi ń ṣe àwàdà, òun náà a máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nínú lọ́hùn-ún, owú gidi ni. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ti ya kúrò lára ìdè, Dírẹ́bà kò rí i. Ó lè lo odindi ìrọ̀lẹ́ lórí ilẹ̀kùn tí kò ju èékánná lọ. Ọ̀dà ń ṣí lára ògiri pálọ̀, òrùlé ìdíkọ̀ òkè ń dán. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ a máa pòórá, á sì lọ bá a lókè tó ti di òpó iná. Ìgbà kan, oníbàárà kan gbé àrán aláwọ̀ ewé wá. Nígbà tí Ìyáálé máa gé e, ó rí i pé etí kan ti kúrò. Ó gun òkè, ó bá etí àrán náà lẹ́bàá odò ọ̀dà, tó ti di pápá bọ́ọ̀lù.

"Aṣọ oníbàárà! Ẹ fi aṣọ oníbàárà ṣe koríko!"

"Ó kàn dúdú minimini ni," Dírẹ́bà wí, ojú ń tì í. "Kò sí ohun tó jọ koríko tó o."

Nígbà mìíràn tí ọkọ rẹ̀ kò bá sí nílé, á yọ́ gun òkè lọ wò ó. Kò jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn kéékèèké wà nínú ìlú náà: onígbàjámọ̀, ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́, obìnrin tó ń ta ìwé ìròyìn, àwọn arìnrìn-àjò tó gbé àpótí. Á bẹ̀rẹ̀, á máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ó máa rí ẹnì kan tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò sí. Ajá wà níbẹ̀. Òun kò sí. Òjòwú kò lẹ́ran láyà, wọ́n ní; bó bá sọ̀ kalẹ̀ báyìí, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Nígbà tó yá, orúnkún Dírẹ́bà kọṣẹ́. Gbogbo ọdún tó fi tẹ búréèkì bọ́ọ̀sì ló wá gba ẹ̀san lára rẹ̀. Dókítà wò ó, ó mi orí. "Bàbá, ẹ̀yin àti àtẹ̀gùn ti parí." Ọmọ wọn obìnrin bá wọn wá ilé kan tí kò ní òkè, nítòsí ilé tirẹ̀: yàrá méjì àti pálọ̀ kótópó. Yàrá kan fún oorun, ìkejì fún ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Bàámi," ọmọ náà bi í, "rélùwéè yín ńkọ́?"

Dírẹ́bà pa orúnkún rẹ̀ pẹ́ kó tó fèsì. "Màá wá ibi tó máa lọ."

Ìyáálé yí ojú sí ògiri kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín ẹnu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń di ẹrù tòun ti orin lẹ́nu. Orogún ń kó jáde! Òun kò sì lé e. Orúnkún ló lé e.

Dírẹ́bà sọ fún ẹni tó ń ta irinṣẹ́ rélùwéè fún un pé òun ń wá ẹni tó máa gba ìlú náà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan wá. Ẹnì kan ní orí ọkọ̀ nìkan lòun fẹ́, ẹnì kejì ní òun á tú u palẹ̀, òun á mú ilé sọ́tọ̀, igi sọ́tọ̀. Dírẹ́bà kò jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀. "Mi ò pa ẹran o, tí ẹ fi fẹ́ wá bù ú lẹ́yọ lẹ́yọ."

Ẹni tó wá gbẹ̀yìn, obìnrin ni. Tísà sáyẹ́ǹsì ni, ó fẹ́ gbé gbogbo ìlú náà sí yàrá ńlá kan tó ṣófo nílé ẹ̀kọ́ wọn. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, àmọ́ ara rẹ̀ le bíi ti ọmọge. Ó gé irun mọ́lẹ̀, ó wọ ṣòkòtò. Ìyáálé ló ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì mú un gun òkè. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, Tísà bọ́ bàtà. Ìyáálé wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú sálúbàtà. Òun kò bọ́ bàtà níbẹ̀ rí.

Ó padà sísàlẹ̀, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò rán nǹkan kan. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lókè. Ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, Tísà náà ń rẹ́rìn-ín, ohùn ìkejì sì ń wá láti abẹ́ tábìlì, tó túmọ̀ sí pé ó ti rá wọ abẹ́ ìlú bíi mẹkáníìkì. Ìyáálé dìde, ó bu omi tútù sínú ife méjì, ó gbé e sórí àwo. Oore kọ́ ló fẹ́ ṣe. Etí ló fẹ́ gbé lọ.

Ó kù díẹ̀ kó dé òkè nígbà tó gbọ́ Tísà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìlú wo nìyí?"

Ìyáálé dúró lórí àtẹ̀gùn.

"Ìlú tí wọ́n bí mi sí ni," Dírẹ́bà wí. "Bó ṣe rí kí wọ́n tó ti ojú irin pa. Ṣé ẹ rí i, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni mo kọ́. Mo ti kọ́ ọ tán, ó ku kí n gba ọkọ̀ tèmi, ni wọ́n bá ní ojú irin tiwa kò wúlò mọ́. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ìkẹyìn lọ, ìdíkọ̀ níbí yìí ni mo dúró sí. Ọ̀gá mi ń fọn fèrè títí ó fi wọ inú ihò òkè tọ̀hún. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni mo lọ kọ́ bọ́ọ̀sì. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí."

Ìyáálé rọra yí padà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó da omi náà nù. Bọ́ọ̀sì lòun bá ọkọ òun nídìí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún òun pé ohun kan ti ṣáájú bọ́ọ̀sì. Ó ti rò pé ìlú orí pákó náà kò sí níbì kankan, pé ọkọ òun kàn fi gọ́ọ̀mù lá àlá ni. Àlejò tí kò tíì mu omi nínú ilé ló wá gbọ́ òtítọ́ ibẹ̀.

Nígbà tí Tísà lọ tán, ó ní, "Ẹ bá àlejò sọ̀rọ̀ gan-an lónìí."

"Ó lóye."

"Ó lóye," Ìyáálé tún un sọ, bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ tí iyọ̀ pọ̀ jù wò.

Tísà tún wá láti wá wọn tábìlì, ó tún wá láti wá wo wáyà. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń bọ̀, Dírẹ́bà á fá irùngbọ̀n. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun wá. "Ìyáálé, bá mi lọ èyí." Ó gbà á. Áyọ́ọ̀nù náà pẹ́ díẹ̀ lórí kọ́là ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkọ rẹ̀ gbé ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó wo àmì iná náà, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn.

Inú ń bí Ìyáálé sí ara rẹ̀. Ìlú tó ti ń gbàdúrà kó jáde, ó wá dà bíi pé wọ́n ń jí nǹkan rẹ̀ gbé. Nígbà tó ku ọ̀la kí ọkọ̀ akẹ́rù dé, Dírẹ́bà lọ gba oògùn orúnkún. Ìyáálé gun òkè lọ́sàn-án gangan. Ó mú orí ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Arúgbó, dúdú, tí ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀, àkọ́kọ́ tí ọkọ rẹ̀ rà láyé. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú ìborùn, ó rì í sínú àpò ègé aṣọ lábẹ́ ẹ̀rọ.

"Kó máa gbé ìlú lọ," ó wí fún àpò náà. "Kó máa gbé òkè àti odò lọ. Ìwọ ò ní bá a lọ."

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Òórùn epo kò lọ. Ó tún un fọ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Tísà dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì tó máa gbé ẹrù, ọmọ wọn obìnrin náà dé. Dírẹ́bà ti dì mọ́ irin àtẹ̀gùn, ó ti fa ara rẹ̀ gun òkè ṣáájú wọn. Kò pẹ́ tí ohùn rẹ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ wá.

"Ìyáálé! O ò rí Arúgbó?"

"Ṣé èmi lẹ ní kí n máa ṣọ́ ọ ni?"

Wọ́n wá a. Tísà wò ó lẹ́yìn òkè orí pákó, ọmọ wọn tú àwọn páálí tó ti dì. Dírẹ́bà kúnlẹ̀ lórí orúnkún tí dókítà ní kó má fi kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá abẹ́ tábìlì. Ìyáálé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká apá mọ́ àyà.

"Bàbá, ẹ má dara yín láàmú," Tísà wí. "A lè rí òmíràn rà."

"Kò sí òmíràn."

Ó fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀. Ó gbá etí tábìlì mú, ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀, igi méje tàbí mẹ́jọ ṣẹ́ lẹ́bàá odò. Ó bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, igi kéékèèké náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀. Kò nù ún. Kò bo ojú.

Ìyáálé ti rò pé adùn ló máa jẹ́. Òróòro ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò rí omijé ọkùnrin yìí rí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tú àpò ègé aṣọ dà sílẹ̀, ó mú Arúgbó, ó gbé e gòkè wá, ó nà án sí ọkọ rẹ̀ níṣojú gbogbo wọn.

"Èmi ni mo gbé e pamọ́."

"Kí ló dé?"

"Owú ni." Ó yíjú sí Tísà. "Ẹ má bínú, Tísà. Owú yín ni mò ń jẹ."

Ọmọ rẹ̀ fọwọ́ bo ojú. "Háà, Màámi!"

"Fi mí sílẹ̀, jẹ́ n sọ ọ́. Bàbá ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti ń se oúnjẹ fún yín, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tó wọlé lánàá lẹ sọ fún. Ẹ tún ní ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ṣé èmi kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni?"

Tísà ṣẹ́jú sí àwọn tó kù, ó kó wọn sọ̀ kalẹ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Inú Dírẹ́bà kò dùn. Ohùn rẹ̀ le nígbà tó sọ̀rọ̀. "O ò bi mí. Ó wọlé, ó bi mí pé ìlú wo nìyí. Ìwọ, ohun tó o máa ń bi mí ni ìgbà tí màá sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ̀yìn lẹ máa ń kọ sí mi! Ta ni mo fẹ́ bi, ẹ̀yìn ẹ̀wù yín? Gbogbo ayé wà lórí pákó yìí. Ajá wà níbẹ̀. Èmi ò sí níbẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ wo ìlú náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, bí ẹni pé ó lè rí i níbì kan. Ó mi orí.

"Òótọ́ ni. O ò sí níbẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ọdún tí ọkọ̀ ìkẹyìn lọ ni ìlú yìí dúró sí. Mi ò tíì mọ̀ ẹ́ nígbà náà."

Ìyáálé kò mọ̀ bóyá ìpẹ̀ nìyẹn tàbí èébú. Ó jókòó tì í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ ẹnì kejì. Lẹ́yìn náà ni Dírẹ́bà na ọwọ́, ó gbé Arúgbó lé ojú irin, ó tan iná. Arúgbó kùn hùnnn, kò lọ. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Wò ó. Òwú ló di ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Òwú àbí owú?" Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu Ìyáálé kó tó mọ̀.

Ọkọ rẹ̀ wò ó. Ẹ̀rín fẹ́ jáde, ó gbé e mì. Ìyáálé yọ abẹ́rẹ́ tó fi sí etí ẹ̀wù, ó tú òwú náà kúrò bó ṣe máa ń tú u lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gbé ọkọ̀ padà. Lọ́tẹ̀ yìí Arúgbó gbéra, ó yí ìlú ká, ó wọ inú ihò òkè, ó jáde.

"Wá wà á."

"Èmi?"

"Fọwọ́ yí ibí yìí. Rọra o."

Kò rọra. Arúgbó fò bí ẹni tí oyin ta, ó dé kọ́nà ẹ̀bá odò, ó já bọ́ sínú omi ọ̀dà, ẹsẹ̀ sókè. Ìyáálé pariwo. Dírẹ́bà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, tó fi di orúnkún mú. Wọ́n yọ Arúgbó nínú odò, Ìyáálé tún un wà, ó sì dé ìdíkọ̀ láyọ̀.

"Ilé yín dà níbẹ̀?" ó béèrè.

"Ẹ̀yìn ìdíkọ̀. Òrùlé aláwọ̀ aró yẹn."

"Ìyá yín ńkọ́?"

"Inú ilé ló wà. Kò wá sí ìdíkọ̀ rí. Kò lè wo ẹni tó ń lọ."

Ó tún bi í nípa onígbàjámọ̀. Dírẹ́bà ní gbèsè ń pa á, ó fi ń gé irun ẹni tó bá ń sùn, á wá ní kó sanwó. Ó bi í nípa ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́. Dírẹ́bà ń sọ, ó ń tọ́ka, ohùn rẹ̀ ń yọ̀ bíi ti ọmọ ilé ìwé, títí àwọn ọkùnrin tó máa gbé ẹrù fi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé nísàlẹ̀.

Ìlú náà kò lè gba ẹnu ọ̀nà jáde lódindi. Ayùn ló máa là á. Dírẹ́bà gbé ayùn lé ojú ọ̀nà tó já sí ọjà, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e lé e. Ọwọ́ kò gbà á. Ìyáálé mú ẹfun tó fi ń sàmì sí aṣọ lápò, ó fa ìlà láti etí kan dé ìkejì, ó ń yà fún ilé, ó ń yà fún igi.

"Ẹ gbà á níbi ìlà yìí. Kò ní bá ilé ẹnikẹ́ni. Èmi á di pákó mú."

Bí wọ́n ṣe là á nìyẹn, òun di pákó mú, ọkọ ń fa ayùn, eruku igi ń bọ́ sórí àwọn arìnrìn-àjò. Nígbà tí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀, Tísà fẹ̀yìn rìn ṣáájú, ó ń ṣọ́ àtẹ̀gùn fún wọn. Ìyáálé ń ṣọ́ ojú ọkọ rẹ̀. Dírẹ́bà kò wo Tísà rárá. Òrùlé aláwọ̀ aró ló ń wò títí ilẹ̀kùn ọkọ̀ akẹ́rù fi pa.

Wọ́n ti gba ilé tuntun báyìí. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Dírẹ́bà máa ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ bá wọn tún ojú irin ṣe, Ìyáálé sì bá a lọ nígbà àkọ́kọ́. Tísà fún un ní àga, ó kí i dáadáa. Kí n má parọ́, owú náà kò tíì lọ. Nígbà tí Tísà na ọwọ́ gbọn eruku kúrò léjìká Dírẹ́bà, Ìyáálé dìde lórí àga, ó lọ gbọn éjìká náà fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí eruku mọ́ níbẹ̀. Tísà fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì dán an wò mọ́.

Láwọn ọjọ́ tó kù, Dírẹ́bà kò níbi tó ń lọ. Yàrá ìránṣọ ló ń jókòó sí. Á ká òwú tí kò sẹ́ni tó ní kó ká, á bá oníbàárà sọ̀rọ̀ òjò àti ti ọkọ̀, á máa béèrè ohun tí kọ́là ń ṣe lórí aṣọ. Ìyáálé ti ń ronú bó ṣe máa rán an níṣẹ́ lọ sí ibi tó jìnnà nígbà tí Dírẹ́bà sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ yìí gan-an?"

Ìyáálé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó wò ó bóyá ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àbúrò ìyá mi ni," ó ní. "Obìnrin líle. Bí mo bá rán ìlà wọ́, á tú u, á ní kí n dijú tún un rán."

"Kó o dijú?"

"Ẹ jẹ́ n sọ fún yín."

Ó yí àga rẹ̀ padà. Ibẹ̀ ni obìnrin tó wá gba aṣọ rẹ̀ bá wọn, aṣọ náà ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, apá kan kò tíì sí lára rẹ̀. Ó ṣí ẹnu láti bínú.

"Ẹ jókòó," Dírẹ́bà wí fún un, ó ń fa àga jáde. "Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ná."